Orúnkún Tí Yóò Pọn Ìdùnnúolúwa

Ògìdì-Ìjùmú,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ìwọ, mo kí Josiah ọkọ rẹ, mo kí Ìdùnnúolúwa ọmọ ọmọ mi tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ṣé orí òkè kẹta tí ẹ ń gbé ní Àbújá ṣì dúró? Ọlọ́run tó ń mú yín gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀. Ẹ kò ní bá ajínigbé pàdé, iná kò ní jó yín, omi kò ní gbé yín lọ, ní orúkọ Jésù. Bí o bá ka ibí yìí, kí o ṣe àmín sókè, èmi kò ní gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n Ẹni tó yẹ kó gbọ́ yóò gbọ́.

Àwa náà wà láàyè. Bàbá rẹ ti wa iṣu tuntun díẹ̀, ó ń yangàn kiri bí ẹni pé òun ló dá ilẹ̀. Ewúrẹ́ Martha tó múlé tì wá ti bí ìbejì, ó sì fi ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi ṣe ọdún ìkómọ. Wọ́n ti kun ilé ìjọsìn wa, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò dé ẹ̀yìn, alága ìjọ wá ní kí gbogbo wa máa gba iwájú wọlé.

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ. Àmọ́ ohun kan ń dùn mí tí n kò lè gbé pamọ́. Ìgbàkígbà tí owó bá ti wọlé ni lẹ́tà kúkurú kan máa ń bọ́ sórí fóònù mi, Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń kọ ọ́, nọ́ńbà ló sì kún inú rẹ̀, o kì í kí mi. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Mo ti fèsì sí i, mo fi ìka tó ń ro mí yìí wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ọmọ, mo béèrè Josiah, mo sọ ti ewúrẹ́ fún ọ, o kò dá mi lóhùn. Bàbá rẹ ní báńkì ló ń kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, ta ni yóò mọ̀ ní báńkì pé owó dé bá Zipporah ní Ògìdì bí kì í bá ṣe ẹni tó fi í ránṣẹ́?

Ó kan ọ̀rọ̀ orúnkún mi. O ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n lọ rí dókítà, pé kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrókò tèmi ti gbó kí o tó lọ́kọ. Mo rò pé ogbó kì í ṣe àìsàn. Mo tún ro ti bàbá Lájídé lọ́nà odò, tó lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún bíi tèmi. Apá rẹ̀ ni wọ́n so! Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, wọ́n ń so apá. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó tọ̀ sínú ìgò. Mo bi ara mi pé kí ni ìtọ̀ mọ̀ nípa orúnkún. Nítorí náà mo jókòó ti òrí mi, mò ń fi í ra á, mo sì ń ra oògùn alápòpọ̀ lọ́wọ́ Ernest oníkẹ́míìsì, títí tí inú fi ń ta mí bí ẹni gbé ata mì, tí Ernest fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun kò tà á fún mi mọ́, kí n lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n jù òun lọ.

O bi mí pé ṣé ó wú. Ó wú. O ní ṣé ó gbóná, mo gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná bí àwo oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bù. O ní bí mo bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń tó ìdajì wákàtí kó tó rọ̀. N kì í wo aago. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti máa ń gbàdúrà tán lórí bẹ́ẹ̀dì fún ìwọ, fún Josiah, fún ọmọ, fún ìjọba, adìẹ á ti jẹun, bàbá rẹ á ti lọ sóko, kí ẹsẹ̀ mi tó gbà kí n nà án. Ìka mi náà ti bá wọn dá sí i, n kì í lè fa òwú le mọ́ nídìí aṣọ tí mò ń hun. Bàbá rẹ nìkan ló ń jèrè rẹ̀, ojú mi ló ń wò kó tó sá elùbọ́ rẹ̀, bí orúnkún bá ti ń ro mí tí mo ń yánu, ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà. O mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ ilé wa àfi ní kọ̀rọ̀ yàrá, nídìí ìkòkò omi. N kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀, bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń lóṣòó sí kí n tó lè rí ojú yín, orúnkún á máa ké, èmi á máa rẹ́rìn-ín sí yín. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o gbé ọmọ sínú fóònù kí n rí i, ó bú sẹ́kún. O ní eyín ló ń hù. O gbé e sókè, o gbé e sódì, kò gbọ́, ẹkún náà sì wọ̀ mí lára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi kò tilẹ̀ sí lọ́jà, ilé ara mi ni mo wà, ọmọ ọmọ mi ń ké lójú mi, kí n máa wò ó? Mo fa ọ̀já tí mo hun dè é yọ, mo gbé fóònù sẹ́yìn, mo pọ̀n ọ́n, mo di ọ̀já náà dáadáa, mo kúrò nídìí ìkòkò, mo ń rìn kiri yàrá, mo ń kọ orin tí mo fi ń rẹ ìwọ náà lẹ́kún nígbà tí o ń hu eyín. Ọpẹ́dayọ̀, n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ náà fi dákẹ́ lọ gbári! Ìwọ náà dákẹ́, mo ní o kò fẹ́ jí i. Nígbà tí mo tún rìn dé ìdí ìkòkò, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, n kò gbé e. Má bínú. Ta ló ń jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn nítorí ọ̀rọ̀ fóònù?

Bí bàbá rẹ ṣe ti oko dé bá mi nìyẹn. O mọ ẹnu rẹ̀, mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ kárí àdúgbò. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ọkọ́ sílẹ̀ kó má dún, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ó ti sùn. Mo ní ó ti sùn. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun kí òun rí i. Ojú fóònù ti ṣú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wò ó pẹ́.

Mo wá fẹ́ tẹ́ ẹ sórí ẹní. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ni orúnkún mi méjèèjì há. N kò lè lọ sílẹ̀, n kò lè lọ sókè, mo tẹ̀ báyìí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀já tú, fóònù já bọ́ lulẹ̀, etí rẹ̀ kan fọ́. Bàbá rẹ àti Martha ló gbé mi dìde. Martha rẹ́rìn-ín títí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ mú fóònù nílẹ̀, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó sì bi mí pé bó bá jẹ́ ọmọ gan-an ni ńkọ́.

Láti ọjọ́ náà n kò jiyàn mọ́. Ìyá ọkọ rẹ ló wẹ ọmọ náà nígbà tí o bí i, nítorí orúnkún yìí kò lè gun òkè yín. Ọlọ́run yóò san án fún un, ṣùgbọ́n mo jowú, n kò ní purọ́. Wọ́n ní ó ti ń rákò báyìí. Láìpẹ́ yóò rìn, yóò sì di ẹni tí kì í gbà kí wọ́n pọn òun mọ́, bí ìwọ ṣe ṣe mí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, àárò ọmọ tí n kò mọ òórùn ara rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́rú, bàbá rẹ yóò bá mi wá ọ̀kadà tí kì í sáré, a ó lọ sí ọsibítù ní Kabba. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ so apá mi, n ó nà án sí wọn. Bí wọ́n bá gbé ìgò wá, n ó tọ̀. N ó sọ fún dókítà pé n kò wá orúnkún tí yóò sáré tàbí èyí tí yóò jó. Èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ gun ẹ̀yìn mi, tí yóò sì tún dìde, ni mo bá wá.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún káàdì ọsibítù àti oògùn, bí kò bá sí, má yáwó, iṣu wà. Ṣùgbọ́n tí o bá fi í ránṣẹ́, jọ̀wọ́, nínú lẹ́tà kúkurú yẹn, kọ “Màmá” sí i níbì kan, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni. Mo di iṣu, ẹ̀gúsí àti òrí tí ẹ ó fi máa pa ọmọ lára, Olúwagbémiga onímọ́tò yóò gbé wọn fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí.

Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́ ni mo fi ń súre fún ọ. Ibi tí o bá fojú sí, Ọlọ́run yóò fi ire síbẹ̀. Ọmọ rẹ yóò pọ̀n ọ́ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ. Ọ̀nà tó wà láàárín wa yóò sinmi ogun, yóò sì gbé yín wálé kí iṣu tó tán nínú àká.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zipporah.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ọ̀já tí o ní kí n fi ránṣẹ́ kò sí nínú àpò náà, má wulẹ̀ tú u wá a. Ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó mọ́ jù. Ọ̀já tí ọmọ kò tíì tọ̀ sí, aṣọ lásán ni. Gbé ọmọ náà wá kó wá tọ̀ sí i.