Ìwé Ẹ̀rí Ènìyàn Márùn-ún Tí Ó Jáde Ní Orúkọ Mi

Ojúlé Kejìdínlógún,
Òpópónà Alásalátù,
Pápá Àjàó, Múṣin,
Èkó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìkọ́ṣẹ́ Ọwọ́ Ìgbéga,
Yábà, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ NÍTORÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ MẸ́RIN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍ WỌN KÒ WÁ SÍ KÍLÁÀSÌ

Orúkọ mi ni Ìyáàfin Àríkẹ́ Àkàngbé. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Pápá Àjàó. Mo wà lára àwa márùn-ún tí a kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya aṣọ kí a tó gé e, ní ibùdó yín, láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ọdún yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara ògiri. Tèmi nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú máàkì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níwájú orúkọ Lubabah, Tìrìmísíyù, Motọ́lání àti Jude, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé wọn kò wá rárá. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí ọjọ́ kan tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò wá.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Christopher, ní kí kálukú fi orúkọ rẹ̀ wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é lọ sí ibùdó mìíràn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́ wa láti ìgbà náà. Ojú tì mí láti sọ pé n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, àwọn ọmọ náà sì rí i lójú mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí gbogbo wa ti wá, ọmọṣẹ́ kì í jókòó ti ẹ̀rọ kí ìyá ọ̀gá tó jókòó. Wọ́n gbé àga sí àárín fún mi, wọ́n kọ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì yí mi ká. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ títí ẹ̀kọ́ fi parí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tàn. N kò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ọ̀wọ̀ náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé orúkọ tí a fi wọlé ni kọ̀ǹpútà fi ń ka ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ náà dára. Tìrìmísíyù á ka ìbéèrè sókè, èmi á sọ bí ọrùn aṣọ ṣe ń jókòó lára ènìyàn, Lubabah á di máòsì mú, á yà á. Bí ìlà bá wọ́, kọ̀ǹpútà á fi pupa hàn wá, á tún un ṣàlàyé láìbínú.

Ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan ní Ìjọra ti gba Lubabah síṣẹ́, wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí yín wá kí ogúnjọ́ oṣù yìí tó pé. Òun ló ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ méjì láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Mo ti wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé yín, Ìyáàfin Edith, fi sùúrù gbà mí, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè yí ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ padà. Lubabah kò bá mi jà. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣì ń pè mí ní Màmá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ogúnjọ́ tó pé. Ẹ ní kí kálukú jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó ya aṣọ kan lójú yín. Bí ọwọ́ wọn kò bá mọ̀ ọ́n, n kò ní bẹ̀ yín mọ́.

Ìwé ẹ̀rí tí ẹ fún mi ló wà nínú àpò ìwé yìí, mo dá a padà. Oṣù mẹ́rin gbáko, n kò di máòsì mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ní kí èmi náà wá ṣe ìdánwò lọ́la, Lubabah ni màá kọ́kọ́ bẹ̀ pé kó bá mi tan kọ̀ǹpútà.

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka ìwé mi dópin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àríkẹ́ Àkàngbé (Ìyáàfin),
Aránṣọ.