Oko Bàbá Wa ní Tẹ̀dé

Bọ̀dá Isaac, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí ìwé tí Adétúnjí àbúrò wa fi ń lé mi lóko bàbá wa. Ìyá ń kí yín, orúnkún ṣì ń dùn wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ kọ̀wé pé ní erékùṣù tí ẹ ti ń ṣe tíṣà, obìnrin ló ń jogún ilẹ̀, ó sì wù yín. Níbí, ẹ ní obìnrin kì í jogún oko. Adétúnjí ti gé igi ẹmi mẹ́rin láti fi dáná yan ewé tábà. Òrí tí mò ń ṣe nínú èso wọn la fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ó ní kí n kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín láàárín omi. Obìnrin tibẹ̀ lẹ ń yìn. Èmi Ọmọ́bọ́lá àbúrò yín ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn.