Ẹ̀rọ Tí Kò Gbà Kí N Kúnlẹ̀

Raliat ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Àbújá? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ wà ní Ìkàrẹ́, àwọn ẹbí mi ní Ọ̀kà ń kí ọ, ewúrẹ́ mi sì ti bí méjì, bàbá rẹ ló gbẹ̀bí, ó ń yangàn kiri àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ ọmú mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní àwọn á máa fi ìtànṣán sí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí jẹjẹrẹ náà má baà padà wá. Ilé àbúrò bàbá rẹ obìnrin ni mo dé sí, nítòsí ilé ìwòsàn, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán ọ̀hún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní kámẹ́rà á yà mí, ni mo bá wọ léèsì Iléyá, mo wé gèlè, mo fi àtíkè pa ojú. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ, awọ ara mi nìkan ni kámẹ́rà ń wá. Mo ní ta ni wọ́n fẹ́ fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ hàn?

Wọ́n ní kámẹ́rà òkè àjà yẹn ń tan iná sí mi láyà, ó ń wò bóyá mo dùbúlẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìtànṣán á dúró, torí ọmú òsì ni, ọkàn mi sì wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ìtànṣán kàn án.

Wàhálà wá dé. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ, àbúrò bàbá rẹ á kí mi láti inú ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri. Báwo ni n ó ṣe nà gbalaja kí n máa dá ọmọ ọkọ lóhùn, ẹni tó ti ń rìn nílé kí n tó ṣe ìyàwó wọbẹ̀? Mo bá ń gbìyànjú àtidìde kúnlẹ̀, ẹ̀rọ á sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Òun fúnra rẹ̀ ló sáré wọlé, ó ní tí mo bá fẹ́ràn ilé ọkọ mi, kí n sùn jẹ́ẹ́, ìkíni tí òun ń fẹ́ nìyẹn.

Ní Àlàmísì, mo sùn jẹ́ẹ́, mi ò kí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ tún dúró. Inú bí mi, mo ní mi ò mira rárá. Wọ́n ní àyà mi ń gbọ̀n. Àṣé mò ń sunkún, Raliat, èmi gan-an ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá rẹ bi mí lórí fóònù, mo ní kò sí nǹkan kan, ìwọ náà bi mí, mo ní ara mi dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mi ò rí parọ́ fún.

Ọjọ́ méje ló kù. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, jọ̀ọ́, fi wọ ọkọ̀ wá. Ojoojúmọ́ ni kámẹ́rà ń wò mí, ìwọ ò tíì wá wò mí.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, wàá bá mi láàyè. Tí o bá sì dé, kí o tó gbé báàgì sílẹ̀, bá mi kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.