Káàdì Tó Jẹ́rìí sí Etí Mi

Abúlé Lehtovaara,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, ọdún 1974.

Raili ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé Helsinki kò tíì gbé ọ mì? Àwa ṣì ń mí níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ẹni tó sọ fún òtútù pé ibi báyìí ni kó ti dúró. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín, kí ó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí ọ fín níbi iṣẹ́, kí ó sì fún ọ ní ọkọ tó mọ igi í là. Ìyá rẹ ló ní kí n má gbàgbé àdúrà ìkẹyìn yẹn, mo sì ti gbà á báyìí, kó má dá mi lóró mọ́. Òun náà kí ọ. Màlúù dúdú ti bímọ, akọ ló bí, a kò dá a lẹ́bi. Pòtéètò ta dáadáa lọ́dún yìí. Òrùlé sáúnà ń jò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ilé ìwẹ̀ tó tún ń ráhùn pé omi kan òun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá àtúnṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé gan-an ni ọ̀rọ̀ ibi ìdúró mi létí ìsun omi. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń fi ìbọn de àgbọ̀nrín ńlá nígbà ọdẹ, bàbá mi ló dúró síbẹ̀ ṣáájú mi, bàbá tirẹ̀ ló sì dúró síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ẹranko kan ṣoṣo kò gba ibẹ̀ kọjá. Ni Taavetti Ylikoski tó jẹ́ olórí ọdẹ wa, ọkùnrin tó fi ìyẹ́ sí fìlà bí ẹni pé wọ́n fi í joyè, bá dìde níbi ìpàdé lọ́dún tó kọjá. Ó wúkọ́, ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ kò dùn ún rárá, ojú rẹ̀ ń dán bí ìkòkò kọfí tuntun. Ó ní àwọn àgbọ̀nrín ń kọjá o, ẹ̀gbẹ́ Iisakki gan-an ni wọ́n ń gbà, Iisakki ni kò gbọ́. Ó ní etí bàbá àgbà ti di. Ó ní bí n kò bá mú ẹ̀rí wá lọ́dún yìí pé etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkọ ọmọ òun ni yóò gba ìsun omi. Ọkọ ọmọ rẹ̀ yẹn náà! Ẹni tó máa ń fi lọ́fínńdà para kó tó wọgbó, tí ẹranko ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ilẹ̀ Sweden! Èmi tí mo ń gbọ́ ohun tí ìyá rẹ fẹ́ sọ kó tó la ẹnu ni wọ́n ní etí mi di.

Mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì lóṣù Keje, mo lọ sí Kajaani láti wá ẹ̀rí. Ilé ìtajà kan ni mo ti rí rédíò tí kò tóbi ju Bíbélì ilé wa lọ, tó ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi gbé e kiri bí agbọ̀n, tó sì ní ọ̀pá irin tó ń gùn tó ń kúrú. Ọkùnrin tó ń tà á so táì mọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ó ń sọ̀rọ̀ sínú àgbọ̀n rẹ̀ bí gbogbo wọn ti ń ṣe láyé ìsinsìnyí. Ó ní rédíò yìí ń gbọ́ òkè òkun. Ó ní bí mo bá gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò kan, kí n kọ ọjọ́ àti wákàtí àti ohun tí mo gbọ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò yẹ ìwé wọn wò, bó bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí káàdì kan tó jẹ́rìí pé mo gbọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní ìgbà kẹrin nìyẹn tí òun ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ òde òní kò ní sùúrù, Raili. Ṣùgbọ́n inú mi ti dùn, torí káàdì olóǹtẹ̀ tó jẹ́rìí sí etí ni mo bá lọ sí ìlú, mo sì ra rédíò náà.

Ojú rédíò yìí kún fún mítà: mọ́kàndínlógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mọ́kàndínláàádọ́ta. Oní-táì ní ilé iṣẹ́ tí èèyàn ń gbọ́ ní mítà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó rò pé ará oko kò mọ tépù. Mo délé, mo mú tépù ìkọ́lé, mo wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Mítà mọ́kàndínlógún bọ́ sí ẹnu ilé igi ìdáná. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bọ́ sórí òkìtì ìgbẹ́ màlúù, ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í pẹ́ ní mítà yẹn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà láàárín pòtéètò, mọ́kàndínláàádọ́ta sì kan etí igbó. Mo kan èèkàn mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan. Taavetti ní rédíò tó tó pósí nínú pálọ̀ rẹ̀, kò wọn mítà kan rí láyé rẹ̀. Abájọ tó fi jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́, tó sì gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ ni mo gbọ́ Íńdíà, láàárín pòtéètò, lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀. Obìnrin kan kọrin gígùn kan tí kò mọ ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí, ohun èlò olókùn kan ń sunkún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ dúró tì mí, ó ń pariwo gbogbo ohun tí ó ń gbọ́ sí mi létí, kí n lè fi wé èyí tí èmi náà gbọ́, ohun tí àwa méjèèjì gbọ́ sì bára mu láìku ẹyọ kan. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni aago kan ń dún: tá, tá, tá. Mo ní ẹ wò ó, àwọn èèyàn yìí gbé aago sí pálọ̀ bíi tiwa. Ìyá rẹ ní kì í ṣe aago, pé nígbà tí a gbọ́ Pọ́túgà, tá, tá, tá yẹn náà ló ń dún. Mo ní ṣé wọ́n fi òfin de Pọ́túgà kí wọ́n má ra aago ni? 

Taavetti ránṣẹ́ láti òdìkejì adágún pé kí n jọ̀wọ́ dín rédíò mi kù, pé àwọn màlúù òun ò fẹ́ fún wàrà mọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Íńdíà ni ohùn ti ń bọ̀, èmi ni yóò wá bá jà. Kó lọ bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀.

Saimi, olùkọ́ ilé-ìwé wa, ló bá mi kọ ìròyìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó béèrè bóyá kí òun yọ aago kúrò, mo ní kó má yọ ọ́, ẹlẹ́rìí kì í ṣa ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá ni èsì dé. Ẹ̀yin ará ìlú lẹ ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ kò gbé èsì ka iwájú rẹ̀ ni. Káàdì aláràbarà, òǹtẹ̀ gbàǹgbà, lẹ́tà kékeré kan sì tẹ̀ lé e. Saimi kà á sókè dáadáa. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni Iisakki, pé orin, ọkùnrin, wákàtí, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn jẹ́rìí sí i. Odindi orílẹ̀-èdè ló búra fún etí mi. Wọ́n wá ní ṣùgbọ́n àwọn kò ní aago. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn ní irú tá, tá, tá bẹ́ẹ̀, wáyà oníná tí wọ́n fi ń sé màlúù mọ́ ló máa ń fà á, nítòsí ilé ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

Orí mi kọ́kọ́ gbóná. Igi ni ọgbà tèmi. Taavetti nìkan ló ní wáyà oníná ní gbogbo agbègbè yìí, ọjọ́ tó rà á, díẹ̀ ló kù kí ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án ni màlúù rẹ̀ ti wọlé, ó sì ti ká wáyà pápá rẹ̀ kúrò, ojú gbogbo wa ló ṣe é. Síbẹ̀ tá, tá, tá yẹn ṣì wà nínú rédíò mi. Kí ló wá ń dún? Mo gbé rédíò ní ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń lọ já èso, mo kọjá mítà mọ́kàndínláàádọ́ta, mo wọgbó. Ìyá rẹ tẹ̀ lé mi, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sọ fún mi bóyá ó ń lọ sókè ni àbí ó ń lọ sílẹ̀. Bí a ti ń sún mọ́ àbàtà ló ń le sí i, tó wá dà bí ẹni ń kan ìṣó. Láàárín àbàtà àti ìsun omi mi, Raili, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo rí, láti igi dé igi, ó ga dé àyà mi, bátìrì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ewé tí wọ́n kó bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo àgbọ̀nrín tí ajá bá lé jáde láti inú àbàtà, imú ló fi ń kan wáyà yẹn, á sì yà sí apá òsì. Ta ló máa ń dúró lápá òsì? Taavetti! Mẹ́ta ló pa lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún pásítọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni ìpàdé, nínú pálọ̀ rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìwo tó gbé kọ́. Ó wúkọ́, ó ní ẹ̀rí bàbá àgbà dà. Mo gbé káàdì sórí tábìlì. Ó wọ awò ojú, ó kà á síwá sẹ́yìn, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó yá ó ní ṣé àgbọ̀nrín wà ní Íńdíà ni? Kí ló kan Íńdíà nínú igbó wa? Ọkọ ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, lọ́fínńdà gba gbogbo ilé. Mo ní kò burú, mo bẹ ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká nasẹ̀ díẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá tẹ̀ lé rédíò wọgbó, Taavetti ń pariwo lẹ́yìn pé rédíò Iisakki ti bàjẹ́. Oiva, tí ibi ìdúró rẹ̀ kángun sí tèmi, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó tó fi imú kan wáyà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè kọ ránṣẹ́ sí ọmọ mi obìnrin. Taavetti ní nítorí ọmọ màlúù lòun ṣe ta á síbẹ̀. Oiva ní ọmọ màlúù wo ló ń lọ wẹ̀ nínú àbàtà lóṣù Kẹwàá? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún yìí ajá ni yóò máa bá sáré, kò ní gbé ìbọn, ọkọ ọmọ rẹ̀ ni yóò sì máa ru ìkòkò kọfí. Ìsun omi di tèmi títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Sátidé tó kọjá ni mo dúró síbẹ̀. Mo dúró bíi kùkùté. N kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, mo yíjú padà kí n fun ikun, ni mo bá rí i lẹ́yìn mi, akọ ńlá, kò jìnnà ju láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn lọ, ó ń wò mí bí ẹni tó tò síwájú ìsọ̀ tí wọn kò tíì dá lóhùn. Mo yìnbọn, ó ṣubú. Oiva sáré dé, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní ẹranko yẹn ti dúró lẹ́yìn mi tó ìgbà tí èèyàn fi lè fa ìkòkò tábà kan tán, ó ń ṣẹ́ igi, ó ń húkọ́. Mo fi í ṣẹ̀sín, mo ní kí ló dé tí ìwọ kò pariwo pè mí, ṣé ẹnu rẹ ti di ni? Ó ní òun pariwo. Ó ní òun pariwo títí ajá òun fi lọ sá pamọ́.

Mo wo Oiva, Oiva náà wò mí. Mo fún un ní odindi itan kan, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi wá dókítà etí ní Helsinki. Kì í ṣe ti Kajaani o, ọmọ Taavetti ni nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi bátìrì mẹ́fà kún un. Má kọ èsì ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà ilé, Oiva ni kí o kọ ọ́ sí. Ìyá rẹ ló máa ń ka lẹ́tà rẹ sí mi létí, bó bá sì ti ń kà á, gbogbo abúlé ló ń gbọ́.

Kí Ọlọ́run bùkún àtijẹ àtimu rẹ. Kí gbogbo ire tó ń wá ọ bọ̀ gba iwájú rẹ wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Iisakki.