Ikọ́ Tó Pa Bàbá Mi

Màmá mi,

Wọ́n rí nǹkan nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń sá fún lẹ́tà yìí. Kókó kékeré ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹ má sunkún. Iléeṣẹ́ ìfọṣọ wa ló ní kí gbogbo wa lọ ya fọ́tò àyà.

Dókítà bi mí pé, "Ṣé jẹjẹrẹ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ rí?"

Mo ní rárá o, ikọ́ lásán ló pa bàbá mi, bí ẹ ṣe kọ́ wa ká máa sọ. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nìyẹn. Tó bá wà nínú ẹbí ni, kíá ni òun máa gbé mi wọ ẹ̀rọ tó ń wo inú ara finnífinní, torí èyí tí wọ́n bá tètè rí ló ṣeé wò sàn.

Ṣùgbọ́n mo rántí aṣọ ìnura ẹlẹ́jẹ̀ tí ẹ dáná sun lẹ́yìnkùlé.

Ara mi le o, mo tiẹ̀ ń sanra. Ọmọ-ọmọ yín ti ń rìn. Yàrá kejì ló ń sùn báyìí, kí ikọ́ mi má bàa jí i.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Màmá, kí ló pa bàbá mi gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.