Táíwò, A Ò Ní í Sọ Pé O Lọ Ṣẹ́gi Mọ́

Táíwò Ọládòṣù, ọdún méje rèé tí wọ́n pa ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n pa ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́, ‘ẹ̀yin’ ló sì yẹ kí èmi Ìdòwú máa pè ọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi lónìí, fojú fò ó.

Ọdún méje rèé tí àwọn oníbọn da ọta bo kéké tí o wọ̀ láti yunifásítì bọ̀ wá sí bárékè ọlọ́pàá tí à ń gbé. Awakọ̀ kú, ìwọ náà kú. Èmi àti Bàbá la fà ọ́ jáde láàrin irin tó ti wó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kún bàtà mi. Bàbá, ọlọ́pàá tí òkú kò ṣàjèjì sí, bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

A délé, Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ké. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ó ní ká sọ pé o lọ ṣẹ́gi, kí Kẹ́hìndé má baà tẹ̀ lé ọ. Wọ́n sáré mú Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Lará ní Old GRA títí a fi sin ọ́ tán. Ṣẹ́gi, ní Maiduguri! Igi wo ló wà níbẹ̀ tí èèyàn á fi ọdún méje ṣẹ́?

Orin yín ńkọ́? “Fìtílà Ń Kú Lọ” tí ẹ̀yin méjèèjì kọ nígbà tí ẹ wà lọ́dún kejì ní yunifásítì! Kò sí fóònù tí kò sí ní bárékè. Àwọn oníkéké tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá a máa bá yín gbè é: Padà wá, fìtílà ń kú lọ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, Kẹ́hìndé kò la ẹnu kọrin nínú ilé wa mọ́.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ilé tó ń kọ́ sí àdúgbò Umarari ti parí. Màmá ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ọ níbẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, nítorí ẹni tó lọ ṣẹ́gi ṣì ń bọ̀. Kẹ́hìndé ti di olùkọ́ ní yunifásítì yín.

Lóṣù tó kọjá, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Jímọ́ọ̀ tó ń ta fóònù, mo gbọ́ orin náà. Wọ́n ti fi ìlù líle sí i nídìí. Ohùn rẹ ni! Ojú mi ṣú. Mo rò pé olè kan ló jí ohùn òkú ta. Mo gbé sípíkà náà, mo là á mọ́lẹ̀. Mo gbá Jímọ́ọ̀ ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì bo eyín rẹ̀. Ó di ẹnu mú, ó ń pariwo pé, “Haba, Ìdòwú! Kẹ́hìndé ló tún un kọ, wallahi! O ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí!”

Kẹ́hìndé! Ohùn kan náà kúkú ni ẹ̀yin méjèèjì ní. Mo sáré délé, mo bi í níwájú Màmá. Ó dìde, ó kọ orin náà láìsí ìlù. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti máa ń sọ pé “Padà wá”, ó kọ tirẹ̀: Sùn, Táíwò, fìtílà wà lọ́wọ́ mi.

Ó ti mọ̀! Láti ọjọ́ tí mo wọ bàtà ẹlẹ́jẹ̀ wọlé ló ti mọ̀. Àwa rò pé òun là ń dáàbò bò, òun náà sì dákẹ́ nítorí Màmá. Màmá ṣubú lulẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ, ó fi ìkúùkù na ilẹ̀, ó na èmi tí mo fẹ́ gbé e dìde, igbe ọdún méje sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́hìndé kò tẹ̀ lé ọ lọ, Táíwò. Òun ló di Màmá mú.

Mo ti bẹ Jímọ́ọ̀, ó ti gbà. Kẹ́hìndé ló ń sùn nínú yàrá rẹ báyìí, àwòrán rẹ sì wà lára ògiri, níbi tí àlejò ti lè béèrè ẹni tí o jẹ́, kí a sì sọ òótọ́ fún un. A kò retí rẹ mọ́. A fẹ́ràn rẹ, Táíwò! Àárò rẹ ń sọ wá, lójoojúmọ́ ni! Sùn.