Bàbá Wa, Tó Ní Kí Alààyè Máa Gbọ́ Ìtàn Ara Rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo odò, ní ọdún 1938, ni a bí Bàbá wa sínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù olókùn, létí èbúté. Awakọ̀ ojú omi ni bàbá tó bí wọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ń kó aṣọ ibùsùn wá fún. Nígbà tí kùrukùru bá pọ̀, Bàbá Àgbà á dúró síwájú ọkọ̀, wọn á máa pe èrò kọ̀ọ̀kan lórúkọ, èrò á sì máa dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó já sómi. Bàbá wa ní ohun àkọ́kọ́ tí àwọn rántí láyé nìyẹn: orúkọ tó ń fò lọ nínú funfun, tí èsì ń bọ̀ láti ibi tójú ò tó. Àwọn nìkan ni ọmọ tí òbí wọn bí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní 1944. Abẹ́ aṣọ tí Ìyá Àgbà sá sórí okùn ni wọ́n ti máa ń kàwé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n ní ṣe ló máa ń dà bíi pé gbogbo àgbàlá fẹ́ gbéra. Oorun á gbé wọn lọ síbẹ̀, Ìyá Àgbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ká wọn pọ̀ mọ́ aṣọ. Síbẹ̀, ìwé wọ̀ wọ́n lórí. Ní 1958 wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn nígbà náà sọ fún wa pé, "Tíṣà kì í nà wá. Wọ́n kàn máa ń wò wá ni. Ó sàn kí wọ́n nà wá!"

Ohùn wọn ló gbé wọn dé rédíò ní 1965. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn fáwọn ọmọ ilé ìwé, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn mọ́ àfìgbà tí wọ́n gbà. Wọ́n fi aṣọ nínípọn bo gbogbo ògiri yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Bàbá ní téèyàn bá wọbẹ̀, ṣe ló dà bíi pé ó wà nísàlẹ̀ omi. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ka ìròyìn àti ìkéde òkú níbẹ̀. Àwọn èèyàn sọ wọ́n ní Ohùn-Àárọ̀.

A ò ní fi ti ọdún 1967 pamọ́, torí Bàbá fúnra wọn kì í fi í pamọ́. Télọ̀ kan mú ìkéde ikú onílé rẹ̀ wá sí rédíò. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ti olóògbé àti ti ẹni tó mú ìkéde wá. Bàbá gbé ọ̀kan sípò èkejì. Bí gbogbo ìlú ṣe gbọ́ nìyẹn pé télọ̀ ti jáde láyé, àti pé onílé rẹ̀ ló kéde rẹ̀ tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Òkú ń kéde ikú alààyè! Télọ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó ń fẹsẹ̀ wà á, nígbà tó gbọ́ pé òun ti kú. Kó tó la ẹnu, àwọn oníbàárà ti dé. Àwọn kan ń sunkún, ẹnì kan sì ń bèèrè ta ni yóò wá bá òun parí ṣòkòtò òun báyìí.

Télọ̀ gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣáájú, ariwo rẹ̀ sì ti dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. "Ṣé bàbá tó dúró yìí ló kú? Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n! Mo ní kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n!" Bàbá wa bẹ̀bẹ̀ títí, ó ń ṣe wọ́n bíi kí ilẹ̀ lanu. Àmọ́ télọ̀ ò bínú. Ó wá àga, ó jókòó, ó ní, "Ohun tó ká mi lára kọ́ ni pé ẹ ní mo kú. Gbólóhùn kan péré lẹ sọ nípa mi. Ẹ bá mi sọ ìtàn mi dáadáa, kí n fetí ara mi gbọ́ ọ. Tí mo bá kú tán, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára ṣinṣin. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, títí wọ́n fi gbọ́ ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á lórí rédíò, télọ̀ jókòó tì wọ́n, ó ń fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú. Bí ètò tí ẹ mọ̀ sí "Ẹ Wá Gbọ́ Tiyín" ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: birikìlà, agbẹ̀bí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ẹnikẹ́ni ṣáà, bó bá ti wà láàyè. Ọmọ télọ̀ ń wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ní òun ń ṣọ́ kí wọ́n má tún pa ẹlòmíràn. Ní 1970 òun àti Bàbá ṣègbéyàwó. Télọ̀ dìde láàárín èrò, ó ní ẹni tó pa òun ni òun fọmọ fún.

Bàbá di ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò ní 1976. Ní 1983 wọ́n fi wọ́n ṣe olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn kan kùn pé tíṣà tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kí ló mọ̀ nípa ohun àtijọ́? Bàbá ní, "Tíṣà náà ṣì ni mí. Kíláàsì mi ló kàn ń tóbi sí i." Wọ́n ní kí télọ̀ wá jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ láàárín àwọn ohun àfihàn. Obìnrin kan rò pé ère ni, ó ń wo imú rẹ̀ finnífinní, télọ̀ bá sín. Obìnrin náà sáré dé títì! Láti ìgbà náà ni èrò ò ti tán níbẹ̀, títí Bàbá fi fẹ̀yìn tì ní 2001.

Olùfọkànsìn ni Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí nílé àdúrà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń gbọ́ ìwàásù parí kí oorun tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn ládùúgbò, wọn á lọ jókòó tì í, wọn á sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Gbogbo èèyàn ni wọ́n sọ tiẹ̀ fún. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ tiwọn fún wọn. Bí a bá dá a lábàá, wọn á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, mi ò tíì ṣe tán." Nígbà tí àìsàn wá dá wọn gúnlẹ̀, ẹ̀rù bà wá gidigidi. Ṣé àwọn gan-an ni wọn ò ní gbọ́ tiwọn?

Màmá ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ kà á." A kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àkọ́bí wọn, tóun náà jẹ́ olùkọ́, kà á sí wọn létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bàbá dijú. A rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n ní kí a fi kún un pé àwọn máa ń hanrun, kí àwọn aráalé má bàa pè wá ní òpùrọ́. A ti fi kún un. Nígbà tó parí, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ní, "Ẹ tún un kà láti ibi tí màmá yín ti ń pariwo." A tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ohun tí ẹ kà bọ̀ yìí ni Bàbá gbọ́, àfi ibi tó kù yìí. Wọ́n sùn lọ́jọ́ kẹta, wọn ò sì jí mọ́. Wọ́n fi Màmá sáyé, àti àwa ọmọ mẹ́ta, olùkọ́, oníròyìn àti nọ́ọ̀sì, àti ọmọ-ọmọ méje, àti àtọmọdọ́mọ kan tí kò tíì mọ̀rọ̀ ọ́n sọ. Ilé dákẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. A fẹ́ràn wọn, a ò sì sọ ọ́ fún wọn tó. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá rí wọn lójú àlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka ibi tó kù yìí sí wọn létí.

Bàbá wa, ẹ sùn fọnfọn o.